Ilé Lórí Òṣùpá: Ṣé Ó Tọ́ Ká Kọ́ Ọ?

  Àjò kì í dùn kí onílé má rántí ilé, ṣùgbọ́n ibi tí orí bá gbé ni dé náà là ń pè ní ilé. 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Ó pa àwa náà lẹ́rìn-ín nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Níbi ìpàdé oṣooṣù àwọn ọmọ Yorùbá ní Dei-Dei ló ti bẹ̀rẹ̀, nítòsí ọjà pákó. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ pé jọ kò ju owó tí olúkúlùkù ilé máa dá láti fi tún ẹ̀rọ bọ́ọ̀hóòlù àdúgbò ṣe. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè ti kọṣẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a sì ti padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọmọlanke ta omi. Bí a ṣe ń fa ọ̀rọ̀ owó náà mọ́ra wa lọ́wọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí bàbá rẹ̀ ń ta pákó, nawọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ forí jì mí. Àwọn orílẹ̀-èdè fẹ́ lọ kọ́lé sórí òṣùpá, Nàìjíríà sì ti bá wọn tọwọ́ bọ̀wé. Ṣé ó yẹ ká bá wọn dá sí i?”

Ẹ̀rín ta. Bàbá àgbà kan tó ti ń ta pákó láti ìgbà tí ọjà náà kò tí ì fẹjú tó báyìí dá a lóhùn pé, “Ìwọ ọmọ yìí, omi abẹ́ ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí là ń wá owó fún, ìwọ ń sọ ti òṣùpá.” Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún bàbá. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ọmọ náà ní ìtumọ̀. Ìjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ìyá kan tó ń ta tòmátì ló fi ìbéèrè kan pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Ìyá ní, “Ẹ gbọ́ ná, ta ni onílẹ̀ ibẹ̀?”

A ti ń ro ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ náà. Nínú gbogbo ènìyàn tó lè dá sí ọ̀rọ̀ ilé orí òṣùpá, ó dà bí ẹni pé àwa tí a fi ìlú wa sílẹ̀ wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ onílẹ̀ ló yẹ kó yé jù. Ẹni tó bá fẹ́ lọ gbé ibi tí kò gbé rí, ìbéèrè mẹ́rin ló máa ń bi ara rẹ̀: Omi ńkọ́? Ibùsùn ńkọ́? Ta ni onílẹ̀? Kí ni mo máa rí mú bọ̀ wá sílé? Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn òṣùpá wò.

Ká kọ́kọ́ rántí ibi tí nǹkan dé. Láti oṣù keje ọdún 1969 tí Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, títí di oṣù kejìlá ọdún 1972, ènìyàn 12 péré ló rìn lórí rẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn. Àwọn tó pẹ́ jù níbẹ̀ nínú wọn kò lò ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta lọ, kò sì sí ẹni tó tún tẹ ibẹ̀ láti ìgbà náà. Ìyẹn kì í ṣe gbígbé o, àlejò lásán ni. Ohun tí wọ́n ń sọ báyìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Amẹ́ríkà pe ètò tirẹ̀ ní Artemis, ó sì fẹ́ kí ènìyàn máa gbé nítòsí igun gúúsù òṣùpá. Ní ọdún 2021, China àti Rọ́ṣíà náà kéde pé àwọn yóò jọ kọ́ ibùdó tiwọn. Ìjà ta-ló-máa-kọ́kọ́-débẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ó dáa, omi ńkọ́? Òṣùpá kò ní odò, kò ní òjò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2009, ọkọ̀ òfurufú Chandrayaan-1 tí Íńdíà rán lọ síbẹ̀ rí àmì pé omi wà nínú erùpẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí apá kan rọ́kẹ́ẹ̀tì já lu kòtò kan ní igun gúúsù ibẹ̀, wọ́n sì rí omi dídì nínú erùpẹ̀ tó tú sókè. Àwọn kòtò náà jìn débi pé oòrùn kì í dé ìsàlẹ̀ wọn rárá. Ìdí nìyí tí gbogbo wọn fi ń sáré lọ sí igun kan náà. Bí ènìyàn bá rí omi, ó rí ohun mímu. Bí ó bá sì fi iná mànàmáná pín omi náà sí méjì, ó rí atẹ́gùn tí yóò máa mí sínú, ó tún rí ohun tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń jó. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tí ì pọn omi náà mu. Àwa tí a ti gbẹ́ kànga rí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n sọ fún ni pé omi wà nísàlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí omi dé inú korobá.

Ibùsùn ńkọ́? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le. Òṣùpá jìnnà sí ayé tó 384,400 kìlómítà. Kò ní afẹ́fẹ́ kankan tí ènìyàn lè mí. Ọ̀sán ibẹ̀ gùn tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ti ayé, òru rẹ̀ náà sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀sán, ooru rẹ̀ ń lọ tó 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tó ju ti omi híhó lọ. Lóru, òtútù rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ tó 130 nísàlẹ̀ òdo. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo sólà nílé mọ ohun tí òru kan ṣoṣo ń fi ojú bátìrì rí. Ẹ wá ro òru ọ̀sẹ̀ méjì wò. Ìdí mìíràn tí wọ́n fi ń wo igun gúúsù nìyẹn, nítorí pé àwọn orí òkè díẹ̀ wà níbẹ̀ tí oòrùn ń ràn sí fún ìgbà pípẹ́ nínú ọdún.

Eruku tún wà níbẹ̀. Erùpẹ̀ òṣùpá mú bí ìfọ́ ìgò, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ tàbí omi tó lè fá ẹnu rẹ̀. Harrison Schmitt, onímọ̀ nípa òkúta tó bá ọkọ̀ Apollo 17 lọ ní 1972, sọ pé ó dí òun nímú bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń la pákó ní Dei-Dei kò nílò àlàyé lórí ohun tí eruku ń ṣe fún àyà. Èyí tó burú jù ni ìtànṣán olóró tó ń ti ojú ọ̀run wá. Ẹ̀rọ tí China gbé lọ sí ẹ̀yìn òṣùpá ní oṣù kìíní ọdún 2019 wọn ìtànṣán náà, wọ́n sì rí i pé ó fi nǹkan bí ìlọ́po 2.6 ju èyí tó ń kan àwọn tó ń gbé nínú ibùdó òfurufú tó ń yí ayé po lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, àfi kó gbé abẹ́ erùpẹ̀ bí òkété. Ilé orí òṣùpá tí wọ́n ń yà sínú àwòrán, tí gíláàsì rẹ̀ ń dán, ojú lásán ni. Ihò ni wọn yóò gbé.

Èló wá ni? Nígbà tí Amẹ́ríkà lọ lẹ́ẹ̀kìíní, láàárín 1960 sí 1973, nǹkan bí bílíọ̀nù 25.8 dọ́là ni wọ́n ná, ní owó ìgbà náà. Ní ti Artemis, àwọn tó ń yẹ ìwé ìnáwó àjọ NASA wò ṣírò rẹ̀ ní 2021 pé yóò tó bílíọ̀nù 93 dọ́là tí ọdún 2025 bá fi parí. Wọ́n tún ní ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ yóò jẹ bílíọ̀nù 4.1 dọ́là. Ẹ fi èyí wé Íńdíà, tó sọ Chandrayaan-3 kalẹ̀ sítòsí igun gúúsù òṣùpá ní ọjọ́ 23, oṣù kẹjọ, ọdún 2023, láìsí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 75 dọ́là ni wọ́n ná. Tí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, owó ìrìnàjò kan ti Artemis lè rán irú ọkọ̀ Íńdíà yẹn lọ ju ìgbà 50 lọ. Ènìyàn ló mú kí ó wọ́n, nítorí ènìyàn fẹ́ jẹun, ó fẹ́ mí, ó sì fẹ́ padà sílé.

Bàbá tó fi ọ̀dọ́mọkùnrin wa rẹ́rìn-ín kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn o. Nígbà tí ó ku ọ̀la kí Apollo 11 gbéra ní oṣù keje ọdún 1969, Àlùfáà Ralph Abernathy, tó gba ipò lẹ́yìn Martin Luther King, kó àwọn tálákà lẹ́yìn, wọ́n fi ìbaaka fa kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ síbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà. Ó ní ebi ń pa àwọn ènìyàn nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Thomas Paine tó jẹ́ ọ̀gá àgbà NASA jáde wá pàdé wọn. Ó ní bí àìgbéra rọ́kẹ́ẹ̀tì náà bá lè parí ìṣẹ́, àwọn kò ní tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Owó tí a kò ná sórí òṣùpá kì í fúnra rẹ̀ rìn lọ sídìí kànga. Kí Nàìjíríà tó ní sátẹ́láìtì kankan ní 2003, ṣé omi ń ṣàn lẹ́nu ẹ̀rọ gbogbo ilé ni? Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ẹni tí ebi ń pa di òpùrọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé wa. Kì í ṣe òní ni Nàìjíríà ti ń bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ òfurufú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ibùdó kan wà ní Kánò tí Amẹ́ríkà fi ń bá àwọn arìnrìn-àjò òfurufú wọn sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1999 ni ìjọba dá àjọ NASRDA sílẹ̀, Àbújá níbí sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọmọ Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Boroffice láti ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ tó darí rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 ni NigeriaSat-1 gbéra láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Nǹkan bí mílíọ̀nù 13 dọ́là la ná sórí rẹ̀, ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti ṣe é. Nígbà tí ìjì Katrina ba ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ ní 2005, sátẹ́láìtì wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ya àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́. Ní 2011, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X gòkè lọ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà ló fi ọwọ́ ara wọn ṣe NigeriaSat-X níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2017, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́ bá yunifásítì kan ní Japan ṣe NigeriaEduSat-1, tó kéré débi pé ènìyàn lè gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́.

A tún ti kọ́gbọ́n nínú àdánù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, China bá wa gbé NigComSat-1 sókè fún ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2008, apá tó fi ń gba iná oòrùn kọṣẹ́, bátìrì tán, sátẹ́láìtì sì kú. Ìńṣọ́ránsì ló yọ wá. Wọ́n gbé òmíràn sókè dípò rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí mẹkáníìkì lókè. Bí bọ́ọ̀hóòlù wa ṣe kọṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, a ṣì rí ọmọlanke. Tí ẹ̀rọ atẹ́gùn bá kọṣẹ́ lórí òṣùpá, ta ni yóò gbé atẹ́gùn wá tà?

Ìbéèrè ìyá wa ló kù: ta ni onílẹ̀? Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1967, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, sọ pé orílẹ̀-èdè kankan kò gbọ́dọ̀ sọ òṣùpá di tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dáa. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 13, oṣù kejìlá, ọdún 2022, Nàìjíríà àti Rùwáńdà di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí ìwé Artemis ti Amẹ́ríkà. Nínú ìwé yẹn, wọ́n ní ẹni tó bá wa ohun àmúṣọrọ̀ lórí òṣùpá, wíwà tó wà á nìkan kò sọ pé ó gba ilẹ̀. Wọ́n tún ní kí a máa yẹra díẹ̀ fún ibi tí ẹlòmíràn bá ti ń ṣiṣẹ́, kí a má baà di ara wa lọ́wọ́. Kò sí ohun tó burú nínú èyí lójú ìwé. Ṣùgbọ́n omi kò sí níbi gbogbo, orí òkè tó ní oòrùn kò sì pọ̀. Yorùbá ní ẹni tí a bá lábà ni baba. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sídìí omi, kò ní pe ilẹ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò máa tọrọ ààyè.

Ẹ má jẹ́ ká tàn ara wa, ọ̀rọ̀ Àbújá fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ní 1975, ìjọba Murtala Mohammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Akinola Aguda, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, pé kí wọ́n wá ibi tí olú ìlú tuntun máa wà. Ní oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n kéde ilẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló bèèrè nígbà náà pé kí la fẹ́ fi igbó ṣe nígbà tí Èkó wà. Ọdún 15 kọjá kí ìjọba tó kó wá pátápátá ní ọjọ́ 12, oṣù kejìlá, ọdún 1991. Lónìí, àwa tí a ń ta pákó, páànù àti ìṣó ní Dei-Dei ń jẹ nínú ilé tí wọ́n ń kọ́. Ẹni tó bá sọ ní 1976 pé igbó náà kò ní wúlò ti ṣàṣìṣe. Ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ gbàgbé pé igbó náà ní onílẹ̀. Àwọn Gbagyi àti àwọn mìíràn ń dáko níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ya máàpù, wọ́n sì ń sọ títí dòní pé owó ilẹ̀ àwọn kò pé. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Dei-Dei ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, tó mú ẹ̀mí lọ, tí ìjọba fi ti ọjà pa, tún fi yé wa pé ibi tí oríṣiríṣi ènìyàn bá ti jọ ń wá oúnjẹ, òfin ni kó ṣáájú, kì í ṣe kó tẹ̀lé ẹ̀yìn.

Òṣùpá kò ní Gbagyi tí a máa lé kúrò. Ohun kan tó dáa nínú rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó sì burú nínú rẹ̀ ni pé nítorí kò sí onílẹ̀ tó lè ké gbàjarè, àwọn alágbára lè pín in kí àwa tó jí lójú oorun.

Kí la máa wá mú bọ̀ wálé? Àwọn kan ń pariwo gáàsì kan tó wà níbẹ̀, helium-3, pé a ó fi dáná mànàmáná. Títí di báyìí, kò sí ilé iṣẹ́ kankan láyé tó ń fi gáàsì náà tan iná fún ará ìlú. Ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ kọ́lé ti ra ìkòkò ṣáájú ẹran. Ìmọ̀ ni èrè tó dájú. Òkúta àti erùpẹ̀ 382 kìlógíráàmù tí àwọn ará Apollo kó wálé, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Ẹ̀yìn òṣùpá, níbi tí ariwo rédíò ayé kì í dé, sì dáa fún gbígbọ́ ohùn ọ̀run tó jìnnà. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn ohun yẹn tó ìdí láti lọ. Wọn kò tó ìdí láti gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ.

Nítorí náà, èyí ni èrò tiwa. Ilé tí ènìyàn yóò máa gbé títí lórí òṣùpá, kò tí ì tó àsìkò rẹ̀. Kí rọ́bọ́ọ̀tì kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n wa omi náà jáde, kí a rí i pé ó tó. Lẹ́yìn náà, àgọ́ kékeré tí onímọ̀ díẹ̀ yóò máa pààrọ̀ ara wọn níbẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ yìnyín Antarctica, kò burú; àwọn tó lówó rẹ̀ ni kó ná an. Bí babańlá wa ti ń ṣe nìyẹn: ahéré ni wọ́n ń kọ́kọ́ pa sóko, ìgbà tí iṣu bá ta ni wọ́n tó mọ ilé.

Ní ti Nàìjíríà, kí a má ná kọ́bọ̀ sórí bíríkì òṣùpá. Ìjọba ti sọ ní 2016 pé a ó rán ọmọ Nàìjíríà lọ sí òfurufú kí ọdún 2030 tó dé. Irú ìyẹn kò ṣe nǹkan kan fún ẹni tí omíyalé ń dà láàmú. Sátẹ́láìtì tó ń wo odò, tó ń wo oko, tó ń wo igbó tí a ti ń gé pákó tí à ń tà, ibẹ̀ ni kí owó lọ, àti sí ilé ẹ̀kọ́ bíi ti Àkúrẹ́ àti ibùdó ẹ̀kọ́ òfurufú tó wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má kúrò níbi ìpàdé tí wọ́n ti ń ṣe òfin ilẹ̀ náà. Ìjókòó síbi ìpàdé kò wọ́n. Kí a rán àwọn tó mọ̀wé òfin lọ, kí wọ́n bèèrè ìbéèrè ìyá wa gan-an: ta ni onílẹ̀, ta ni yóò sì pọn omi? Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ìdí kànga kò gba gbogbo korobá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ óò fẹ́ mọ bí ìpàdé ti parí. A dá owó náà, ó pé. Bàbá onípákó tó rẹ́rìn-ín ló san tirẹ̀ ṣáájú, ó sì pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Tí o bá mọ̀ nípa ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀, wá bá wọn wò ó lọ́la.” Ọmọ náà wá. Ó bá mẹkáníìkì tú u, omi sì ti ń yọ báyìí.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ rí sí i? Ó dìgbà kan ná o.